ÀÁRÓ, Ọ̀WẸ̀ ÀTI ÀGBÀṢE: ÌTÀN ÀJỌṢE ÀWỌN ORÍLẸ̀-ÈDÈ LÓRÍ DÍDÍN ÈÉFÍN KÁBỌ́Ọ̀NÙ KÙ, LÁTI ÌTÒKÍ DÉ MILE 12

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Agbo ilé kan ni àwọn tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí ní lọ́kàn. Lóde òní, èéfín tí iléeṣẹ́ ń tú sókè ní Jámánì àti èyí tí ọkọ̀ ń tú sójú ọ̀nà Ìkòròdú kò mọ ààlà nínú òfuurufú. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń bá ara wọn ṣe àdéhùn lórí bí èéfín kábọ́ọ̀nù yóò ṣe dín kù.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò kò fẹjú jù. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè bá fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, kí ni ó máa ń kan àwọn ará àdúgbò tí iṣẹ́ náà gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá? N óò mú àpẹẹrẹ mẹ́ta láti ìtàn, gbogbo wọn ní agbègbè Èkó àti Ògùn, n óò sì fi èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mile 12, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, kádìí rẹ̀.

Láti oko àwọn baba wa ni mo ti mú òṣùwọ̀n tí n óò fi wọ̀n wọ́n. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni wọ́n ń gbà wá ọwọ́ kún ọwọ́. Ọ̀kan ni àáró: èmi ṣiṣẹ́ ní oko ẹnì kejì mi lónìí, òun náà yóò ṣiṣẹ́ ní oko mi lọ́la. Owó kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè wà. Èkejì ni ọ̀wẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ ńlá wà lọ́rùn rẹ̀ a pe ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna, a sì fi oúnjẹ àti ẹmu tọ́jú wọn. Iṣẹ́ náà jẹ́ ti ẹni tí ó pè. Ẹ̀kẹta ni àgbàṣe: a gba owó, a ṣe iṣẹ́, ohun tí iṣẹ́ náà bá sì bí jẹ́ ti ẹni tí ó san owó. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Ohun tí ó burú ni kí a pe ènìyàn sí àáró kí ó sì wá di àgbàṣe mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àgbàṣe: ìdọ̀tí ọjà àti àdéhùn Kyoto

Ọjà Mile 12 ní Kétu wà lára àwọn ọjà oúnjẹ tí ó tóbi jù lọ ní Èkó. Tòmátò, ata àti àlùbọ́sà ń wọ ibẹ̀ láti Òkè Ọya. Oúnjẹ tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó bá jẹrà di ti ààtàn. Òórùn àti eṣinṣin ni àwọn ará ọjà ń rí. Ohun tí ojú kò rí ni gáàsì mẹ́téènì, tí ó máa ń jáde nígbà tí nǹkan bá jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Bí a bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe ìdíwọ̀n, tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná ju ìlọ́po 25 ti tọ́ọ̀nù kan èéfín kábọ́ọ̀nù lọ.

Ní oṣù December 1997, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò ní ìlú Kyoto, ní ilẹ̀ Jàpáànù, pé kí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ dín èéfín wọn kù. Ẹ̀ka kejìlá àdéhùn náà gbà wọ́n láyè láti san owó fún iṣẹ́ tí ó dín èéfín kù ní orílẹ̀-èdè tí kò ní irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́rùn, kí wọ́n sì kà á mọ́ tiwọn. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní 2004. Ó di òfin àgbáyé ní oṣù February 2005. Ní 2010, wọ́n fi orúkọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ lábẹ́ ètò yìí ní Ìkòròdú, ìlú tí ó wà ní ìparí ọ̀nà tí ó gba Mile 12 kọjá: sísọ ìdọ̀tí di ajílẹ̀ dípò kí ó jẹrà lórí ààtàn. Irú ìdọ̀tí tí ọjà oúnjẹ ń mú jáde ni ó yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Àgbàṣe ni èyí. Àwa ṣe iṣẹ́, wọ́n san owó, dídínkù èéfín náà sì wọ inú ìwé ìṣirò wọn. Ewu àgbàṣe ni pé olówó lè lọ. Ní 2008, owó tọ́ọ̀nù kan ju yúrò 20 lọ ní àkókò kan. Nígbà tí 2012 fi ń parí, kò tó yúrò 1 mọ́. Ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Yúróòpù ti dẹnu kọlẹ̀, ìwé ẹ̀rí èéfín sì ti pọ̀ ju àwọn tí ó fẹ́ rà á lọ. Ṣáájú èyí, Yúróòpù ti pinnu pé nínú àwọn iṣẹ́ tí a bá forúkọ wọn sílẹ̀ lẹ́yìn 2012, ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kéré jù lọ ní ìdàgbàsókè nìkan ni àwọn yóò máa rà. Nàìjíríà kò sí nínú wọn. Kò sí ẹni tí ó bi ìyá alátà kankan ní Mile 12 léèrè kí wọ́n tó ṣe ìpinnu yìí. Ọjà èéfín wó lulẹ̀. Ti ìdọ̀tí kò wó.

Àáró àwọn ọba: ọ̀pá gáàsì láti Ìtòkí

Àpẹẹrẹ kejì gbé wa kúrò ní Kòsọ́fẹ́ lọ sí ìwọ̀ oòrùn, sí Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Àgbádárìgì. Láti 1982 ni àjọ ECOWAS ti dábàá pé kí a fi ọ̀pá gbé gáàsì Nàìjíríà lọ fún àwọn aládùúgbò wa. Ní oṣù January 2003, Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀. Ọ̀pá náà gùn tó kìlómítà 678, láti Ìtòkí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba Àgbádárìgì wọ inú òkun, títí dé Takoradi. Ní ìparí 2008 ni gáàsì kọ́kọ́ dé Gánà. Lára ìdí tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ni pé kàkà kí a máa sun gáàsì dànù ní Niger Delta, kí Gánà máa fi í pèsè iná mànàmáná dípò epo rọ̀bì. Lójú àwọn ìjọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àáró gidi ni: oníkálukú mú nǹkan wá, oníkálukú sì ń retí nǹkan.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ọ̀pá náà gbà kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Oko ni, ó sì ní àwọn tí ń jẹun níbẹ̀. Ní oṣù April 2006, àwọn àdúgbò méjìlá tí wọ́n kó ara wọn jọ lábẹ́ orúkọ Ìfẹ́sọ̀wápọ̀ kọ ìwé ẹ̀sùn sí Ìgbìmọ̀ Olùyẹ̀wò ti Báǹkì Àgbáyé, nítorí pé báǹkì náà ni ó ṣe onídùúró fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní owó gbà-má-bínú tí wọ́n san lórí ilẹ̀ kò lè dá ọ̀nà ìjẹun àwọn padà. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 2008, ó sì rí i pé wọn kò tẹ̀ lé ìlànà báǹkì fúnra rẹ̀ bí ó ti yẹ lórí ọ̀ràn náà.

Ẹ kíyè sí orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ náà. Àwọn tí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè mẹ́rin yọ sílẹ̀ ni ó lọ dá ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tiwọn sílẹ̀, kí a tó gbọ́ ohùn wọn. Àáró àwọn ọba lè jẹ́ àgbàṣe fún ará oko. Nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ tó àgbàṣe, nítorí alágbàṣe a máa gba owó rẹ̀ pé.

Ọ̀wẹ̀: ọ̀nà Mile 12

Ní báyìí mo padà sí Kòsọ́fẹ́. Ní oṣù March 2008, ọkọ̀ BRT àkọ́kọ́ gbéra láti Mile 12 lọ sí CMS ní Erékùṣù Èkó, ìrìn kìlómítà 22. Àjọ LAMATA, tí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2002, ni ó ṣe kòkáárí rẹ̀. Ìmọ̀ rẹ̀ wá láti Curitiba ní ilẹ̀ Brazil, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní 1974, àti láti Bogotá ní ilẹ̀ Colombia, tí ó ṣí tirẹ̀ ní 2000. Owó àyálò wá láti Báǹkì Àgbáyé. Ọkọ̀ ọgọ́rùn-ún wá láti ilẹ̀ Íńdíà.

Bí ọ̀nà náà ṣe ń dín èéfín kù kò ṣòro láti lóye. Bọ́ọ̀sì ńlá kan gba èrò dánfó mélòó kan, kò sì dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti máa jó epo lásán, nítorí pé ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe èyí ni ó jẹ mí lógún jù. Àwọn tí dánfó àti mọ̀lúè jẹ́ oúnjẹ fún lè ba iṣẹ́ náà jẹ́ ní ọjọ́ kan. LAMATA kò fi wọ́n sẹ́yìn. Ní 2006, wọ́n mú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW dání lọ sí ilẹ̀ Latin America láti fi ojú ara wọn rí i. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ti inú ẹgbẹ́ awakọ̀ yìí jáde ni ó wà lára àwọn tí ó ń wa bọ́ọ̀sì náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Báǹkì ní owó, Bogotá ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ ni ó mọ ọ̀nà.

Ọ̀wẹ̀ ni mo pe èyí. Èkó ni ó pe ọ̀wẹ̀, iṣẹ́ náà sì jẹ́ ti Èkó. Nítorí náà ni ó ṣe dàgbà dé Ìkòròdú ní 2015. Ẹnì kan lè sọ pé gbèsè wà lórí rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó pe ọ̀wẹ̀ ni ó ń wá oúnjẹ àti ẹmu. Àléébù mìíràn wà pẹ̀lú: epo díísù ni àwọn bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ń jó, a kò sì bá àwọn oníṣòwò Mile 12 ṣe irú ètò tí a bá awakọ̀ ṣe. Ní 2013, ìjọba ṣí ẹ̀rọ kékeré kan ní ọjà èso Ìkòsí, tí ń sọ èso jíjẹrà di gáàsì fún iná mànàmáná. Ó fi hàn pé ohun tí ó lè ṣeé ṣe ni. Ẹ̀rọ kan kò tó ọjà.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi yé mi ni pé kì í ṣe bí owó òkèèrè ti pọ̀ tó ni ó ń mú àjọṣe dúró. Àyè tí ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò ní nínú rẹ̀ ni. Níbi tí wọ́n ti jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ dàgbà. Níbi tí a ti yọ wọ́n sílẹ̀, ẹjọ́ ni ó dàgbà. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ sí àdéhùn èéfín mìíràn, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun mẹ́ta: ta ni ó pe iṣẹ́ yìí? Ti ta ni èrè rẹ̀? Bí olówó bá lọ, ta ni yóò máa ṣe é lọ?

Àáró gidi pàápàá ṣì ṣeé ṣe. Lẹ́yìn Èkó, Johannesburg ṣí ọ̀nà BRT tirẹ̀ ní 2009, Dar es Salaam ní 2016. Ní 2024, Dakar ṣí tirẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì tí ń lo iná mànàmáná. Àwa tí a ti ṣíwájú ní láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ó dé lẹ́yìn wa. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí àáró ti ń yí nìyẹn, láti oko dé oko.

Etí tí ó bá gbọ́ orúkọ Kòsọ́fẹ́ dáadáa yóò gbọ́ “kò sí ọ̀fẹ́” nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́. Ẹni tí yóò san owó rẹ̀, àti ẹni tí yóò jókòó nígbà tí wọ́n bá ń dá iye rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ tí ó kù.