Mọ́fìn ẹlẹ́yin

Mọ́fìn ẹlẹ́yin jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ oníyọ̀ tí wọ́n ń fi ẹyin pípò, ẹ̀fọ́, ẹran àti wàràkàṣì ṣe, tí wọ́n ń dà sínú páànù mọ́fìn, tí wọ́n sì ń yan nínú ófùn. Kì í sábà ní ìyẹ̀fun. Ẹyin nìkan ló so ó pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń sè é sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n lè máa mú un jẹ kí wọ́n tó jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń po ẹyin mọ́ nǹkan mìíràn: àwọn ará Ítálì ní frittata, àwọn ará Sípéènì ní tortilla ọlọ́dùnkún, àwọn ará Ìránì sì ní kuku sabzi, tí ewé inú rẹ̀ máa ń pọ̀ ju ẹyin lọ. Ẹnu kò kò lórí èyí tí mọ́fìn ẹlẹ́yin ti yà wá. Àwọn kan kà á sí frittata kékeré. Àwọn mìíràn ní quiche ti agbègbè Lorraine nílẹ̀ Faransé ni, tí wọ́n yọ ìyẹ̀fun ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Èyí tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀ jọ quiche, èyí tí kò ní mílíìkì sún mọ́ frittata, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ó ti ara méjèèjì wá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, Starbucks bẹ̀rẹ̀ sí ta irú rẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n rọra sè nínú omi gbígbóná.

Sísè rẹ̀

Ẹyin 10 sí 12 ń tó páànù olójú 12, nínú ófùn tó gbóná tó 175 dígírì Celsius, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 25. Funfun ẹyin ń bẹ̀rẹ̀ sí dì ní nǹkan bí 62 dígírì, pupa rẹ̀ ní nǹkan bí 65. Bí iná bá pọ̀ jù, purotéènì inú rẹ̀ yóò fún ara rẹ̀ pọ̀ bí aṣọ tí a fún lẹ́yìn ìfọ̀, omi yóò sun jáde, mọ́fìn yóò sì le. Ooru omi ló ń mú un wú. Bó bá kúrò nínú ófùn, ó gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀, kì í ṣe pé ó bàjẹ́.

Omi inú ẹ̀fọ́ ló ń ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́. Olú, tòmátò àti ẹ̀fọ́ tútù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí iná, kí a sì fún ẹ̀fọ́ dáadáa. Ẹni tó bá mọ ata dín, tó ń dúró kí omi rẹ̀ gbẹ kí ó tó da ẹyin sí i, ti mọ ìdá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ata rodo àti àlùbọ́sà sì bá a mu gan-an. Páànù yìí kan náà ni àwọn Yorùbá kan lókè òkun fi ń yan mọ́ínmọ́ín, pẹ̀lú omi lábẹ́ rẹ̀.

Ìpamọ́

Nítorí kòkòrò Salmonella, ìjọba Amẹ́ríkà gbani níyànjú pé kí àárín oúnjẹ ẹlẹ́yin gbóná dé 71 dígírì, kí ó sì wọ fíríìjì láàárín wákàtí 2. Ó lè lo ọjọ́ 3 sí 4 níbẹ̀. Nínú fírísà, ó lè lo oṣù 2 tàbí 3 bí a bá wé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó gbé e gbóná dé 74 dígírì. Iná kékeré ló dára jù, torí iná ńlá tún ń mú un le bí rọ́bà.