Ìró Elétí Méjì Nínú Pálọ̀ Tó Ṣẹ́ Kọ́nà

Ní Agric, lápá Òwútù ní Ìkòròdú, kò ṣòro láti rí pálọ̀ tó ṣẹ́ kọ́nà: apá kan gùn láti ẹnu ọ̀nà, apá kejì yà sí ibi tábìlì oúnjẹ, kọ́rídọ̀ sì lanu sí àárín wọn. Wọ́n á gbé sípíkà kan há kọ̀rọ̀, wọ́n á gbé èkejì sí ẹ̀gbẹ́ kọ́rídọ̀. Onílé á ní báàsì ti pọ̀ jù, tàbí pé ohùn olórin ò yọ. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí mo ń wá ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a lè fi ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un, torí ẹni tó bá mọ ìdí ló ń mọ ibi tí yóò sún sípíkà sí.

Orúkọ ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ fi àkókò wa ṣòfò. Àwọn kan ń pe sípíkà ní gbohùngbohùn, àwọn mìíràn fi orúkọ kan náà pe máìkì, bẹ́ẹ̀ sì ni òun náà ni ohùn tó ń ta padà wá bá wa láti ara òkè. Nínú pálọ̀ tí wọ́n fi táìsì tẹ́ nílẹ̀, ohùn tó ń ta padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ jẹ́ kí á fi gbohùngbohùn sílẹ̀ fún un, kí sípíkà máa jẹ́ sípíkà.

Sítẹ́ríò, ìyẹn fífi sípíkà méjì gbé orin kan náà jáde, ló yẹ kí á dúró lé lórí. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti wá, ohun tó ṣe gbagidi ló túmọ̀ sí, kò sì la nǹkan kan yé Yorùbá. Alan Blumlein, ẹnjiníà EMI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá lórí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1931, fún un ní orúkọ tó jẹ mọ́ etí méjèèjì. Ọ̀nà rẹ̀ ni mo gbà: ìró elétí méjì.

Etí méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ náà lóòótọ́. Bí ohùn olórin bá ti ara sípíkà méjèèjì dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan náà, ọpọlọ á gbé olórin sí àárín, níbi tí sípíkà kankan ò sí. Ìró ń rìn tó mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí sípíkà kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 34 sún mọ́ni ju èkejì lọ, ìró rẹ̀ á fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú. Bó ti kéré tó nì, olórin á kúrò láàárín, á lọ dúró sí ọ̀dọ̀ sípíkà tó sún mọ́ni. Ibi tí etí gbé ìró sí yìí ni mo pè ní ìdúró ìró. Nínú agbo dùndún, ìyáàlù ní ibi tó ń dúró sí, gúdúgúdú ní tirẹ̀. Etí gbọ́dọ̀ lè nàka sí wọn. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń fi sípíkà méjì àti orí ẹni tó jókòó ṣe onígun mẹ́ta ọlọ́gbọọgba.

Báàsì àti trẹ́bù ló le jù láti fún lórúkọ. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ìbá wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ gírámà ti gbà wọ́n fún àmì ohùn, àti pé ẹni tó bá ní kí á gbóhùn sókè, kó pọ̀ sí i ló ń wí. Tí mo bá ní kí ẹ dín ohùn òkè kù, ṣé ariwo ni, àbí ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan? Mo yan ìró rírinlẹ̀ fún báàsì àti ìró gooro fún trẹ́bù. Èyí tó rinlẹ̀ yìí ló ń wú tí a bá ti sípíkà mọ́ kọ̀rọ̀, torí ògiri méjì àti ilẹ̀ ló ń tì í padà. Nítorí náà, ara ògiri gbọọrọ kan náà ni kí sípíkà méjèèjì wà, kí wọ́n jìnnà sí kọ̀rọ̀, kí kọ́tìnì tó nípọn sì máa fa ìró gooro tí táìsì ń ta padà mu.

Ó ku yíyí ojú sípíkà sí ẹni tó ń gbọ́. Ìkọjúsí ni mo ń lò fún un, àmọ́ ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, màá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.