Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n àti Ilé Ìkàwé Yunifásítì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé kò sí ẹni tó gbọ́n tán. Àgbà tó ń béèrè, tó sì ń gba ti ẹlòmíràn rò, kò ní ṣi ọ̀rọ̀ sọ láwùjọ. Ṣùgbọ́n òwe náà ní apá kejì tí a kì í sábà yẹ̀ wò: bí ọlọ́gbọ́n bá ti ọgbọ́n rẹ̀ mọ́ àpótí, níbo ni àgbà yóò ti rí i kọ́? Ẹni tó ní in ní láti kọ́kọ́ yọ̀ǹda rẹ̀.

Lórí ìyọ̀ǹda yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn ohun èlò ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní OER (Open Educational Resources) dúró lé. Ó lè jẹ́ ìwé, fídíò, àlàyé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí ìbéèrè ìdánwò, tí ẹni tó ṣe é ti fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Ní 2001 ni yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò gbé ẹ̀kọ́ òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2002, níbi ìpàdé kan tí UNESCO pè ní Paris, ni OER gba orúkọ. Ọdún yẹn náà ni àjọ Creative Commons gbé àwọn àṣẹ ìlò rẹ̀ jáde, tí òǹkọ̀wé fi lè sọ ohun tí ó gbà kí àwọn ènìyàn fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Àṣẹ yìí ló ya OER sọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé odindi ìwé lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì rí ìwé kà, ṣùgbọ́n kò gba àṣẹ. Ti OpenStax yàtọ̀. Láti 2012 ni iléeṣẹ́ yìí, tó wà ní Rice University ní ìpínlẹ̀ Texas, ti ń gbé ìwé ẹ̀kọ́ yunifásítì jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Bí olùkọ́ kan ní Ìbàdàn bá mú ìwé wọn lórí ẹ̀kọ́ ohun abẹ̀mí, ó lè yọ àpẹẹrẹ igi ilẹ̀ Amẹ́ríkà kúrò, kí ó fi ìrókò àti arère rọ́pò rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá ti pa òfin àṣẹ náà mọ́, tó sì dárúkọ àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́.

Ta ni yóò wá bá olùkọ́ ṣàwárí ìwé tó yẹ, tí yóò ṣàlàyé àṣẹ rẹ̀ fún un, tí yóò sì tọ́jú èyí tó bá tún ṣe? Iṣẹ́ ilé ìkàwé ni. Ní 2011, ilé ìkàwé yunifásítì Massachusetts tó wà ní Amherst dáwọ́ lé fífún àwọn olùkọ́ ní owó ìrànwọ́, kí wọ́n lè fi ohun èlò ọ̀fẹ́ rọ́pò ìwé olówó gọbọi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rà. Nílé níbí ní Nàìjíríà, NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, ti gbé ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Iná ọba tí kò dúró àti dátà tó wọ́n jẹ́ ìṣòro lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tó ìdí láti káwọ́ gbera. Ilé ìkàwé lè gba àwọn ìwé náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó kó wọn sórí kọ̀ǹpútà tó so mọ́ Wi-Fi inú ọgbà, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kà wọ́n láìra dátà.

Kí a má sì jókòó ti gbígbà nìkan. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ oko wa, àìsàn àdúgbò wa àti èdè wa wà nínú háńdáàtì àwọn olùkọ́ wa, nígbà tí olùkọ́ bá sì fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ a máa sọnù. Ẹ̀yin gíwá yunifásítì, ẹ ya owó sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ sísọ ìmọ̀ yìí di OER, kí ẹ sì kà á mọ́ ohun tí ẹ fi ń gbé olùkọ́ ga lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin olùtọ́jú ilé ìkàwé, ẹ má dúró de olùkọ́; ẹ tọ̀ wọ́n lọ ní ọ́fíìsì wọn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi orúkọ yín sí iṣẹ́ yín, ẹ fún un ní àṣẹ ìlò, kí ẹ sì yọ̀ǹda rẹ̀ fáráyé.