Àwọn Tó Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ojú Ọ̀run: Láti Croydon dé Ìpàta

Ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ òfuurufú àti àwọn adarí ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ ń bá ara wọn sọ kò fìgbà kankan jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Orí ìgbì rédíò ló ń gbà, ìgbì rédíò kò sì mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá lè gbà á ni yóò gbọ́ ọ. Pápákọ̀ òfuurufú Croydon, lẹ́bàá London, ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ táwà tí wọ́n ti ń fi rédíò bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ní 1920. Amẹ́ríkà kò tètè débẹ̀. Títí di 1929, àsíá ni Archie League ń jù ní pápákọ̀ St. Louis láti fi sọ fún awakọ̀ pé kó máa bọ̀ tàbí kó dúró. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Cleveland gbé rédíò sínú táwà tirẹ̀. Bí rédíò sì ṣe ń wọ ilé àwọn ènìyàn ni àwọn tí kò níṣẹ́ kankan ní pápákọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbígbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ṣe fàájì.

Ní Nàìjíríà, Òkè Ọya ló kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ òfuurufú dunjú. Ọkọ̀ ológun mẹ́ta tó gbéra láti Íjíbítì, tí Arthur Coningham ṣáájú wọn, balẹ̀ sí Kánò ní oṣù kọkànlá ọdún 1925. Ní 1936, ilé iṣẹ́ Imperial Airways ń gbé lẹ́tà àti èrò wá sí Kánò, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti dé Èkó. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì gbóná, láti 1940, Takoradi ní ilẹ̀ Gold Coast ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ ogun pọ̀, tí wọ́n ń gbà á kọjá Èkó, Kánò àti Máídúgùrì lọ sí Cairo. Ọkọ̀ tó gba ọ̀nà yìí lé ní 5,000. Àwọn kéékèèké inú wọn kì í dá lọ. Ọkọ̀ ńlá kan tó mọ̀nà ni wọ́n ń tẹ̀ lé lẹ́yìn, nítorí ẹni tó bá ṣìnà nínú aṣálẹ̀ kò rí ẹni bi.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n dá West African Airways Corporation sílẹ̀ ní 1946, Nigeria Airways sì rọ́pò rẹ̀ ní 1958. Ní 1964 ni ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfuurufú ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Zaria, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ awakọ̀ àti adarí ọkọ̀. Ilẹ̀ tí àwọn wọ̀nyí ní láti bójú tó gbòòrò ju ibi tí ohùn táwà kan lè dé lọ fíìfíì. Ṣọ́ọ̀tì wéèfù ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀, ìgbì kan náà tí àwọn ará ilé fi ń gbọ́ ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè.

Ibi tí ìtàn awakọ̀ ti pàdé ìtàn asọ̀rọ̀mágbèsì nìyẹn, Ìlọrin sì dára fún wíwo ìpàdé náà. Ìlú tó ń sọ Yorùbá ni, àmọ́ abẹ́ ìjọba Àríwá ló wà títí di 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tó wá di Kwara sílẹ̀. Nítorí náà, etí méjì ni ìlú náà fi ń gbọ́ rédíò: ọ̀kan sí Ìbàdàn, níbi tí rédíò ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wà, èkejì sí Kaduna, tí rédíò Àríwá ń ti ibẹ̀ sọ̀rọ̀ láti 1962. Ẹ̀ka Haúsá ti BBC ti wà lórí afẹ́fẹ́ láti 1957. Ní ọjà bíi Ìpàta ní Ìlọrin, níbi tí alápatà ọmọ ìlú àti onímàálù tó ń sọ Haúsá tàbí Fúlàní ti ń ná ẹran, rédíò alábátìrì kan ṣoṣo lè sọ èdè mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹni tó bá ń yí bọ́tìnnì rédíò bẹ́ẹ̀ láti ibi BBC ìrọ̀lẹ́ lọ sí ibòmíràn ń kọjá lórí àwọn awakọ̀ láìmọ̀. Láàárín ìgbì mítà 49 àti mítà 31 tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ń lò ni ìgbì tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ òfuurufú wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní 8903 kHz ti pẹ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ tó ń bá Kánò, N'Djamena àti Brazzaville sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀nà ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ àtijọ́ ṣì ni awakọ̀ ń lò, rédíò inú ilé lè gbé ohùn wọn jáde ketekete. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ sí ọ̀nà tuntun tí ń gé ìdajì ìgbì náà kúrò kí agbára má ṣòfò. Láti ìgbà yẹn, igbe pẹ́pẹ́yẹ lásán ni rédíò ọjà ń gbọ́ níbẹ̀, àfi kéèyàn ra ẹ̀rọ olówó ńlá tó lè tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lónìí, orí ìgbì 118 sí 137 MHz ló wà, ní kété tí rédíò FM bá parí sí 108. Ìgbì yìí kì í tẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ohun tí kò bá rí ọ kò lè bá ọ sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 35,000 lókè lè dé etí ẹni tó jìnnà sí i tó kìlómítà 400. Èkó kò ju nǹkan bíi 260 kìlómítà sí Ìlọrin lójú ọ̀run, Àbújá sì lé díẹ̀ ní 300. Nítorí náà, ẹni tó gbé ẹ̀rọ agbóhùn tó dáa sórí òrùlé ní Ìpàta, bí ilé tàbí òkè kò bá dí i, lè gbọ́ awakọ̀ tó ń kọjá lókè Èkó, kí ó má sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí Èkó fi dá a lóhùn. Ẹnu kan ṣoṣo nínú ìjíròrò ló máa ń gbọ́. Àwọn tó ń ṣe fàájì yìí kárí ayé mọ ìdààmú yìí dáadáa: ìdáhùn ni wọ́n ń gbọ́, àwọn fúnra wọn ló ń ro ìbéèrè.

Táwà Ìlọrin nìkan ni ará Ìpàta lè gbọ́ tọ̀tún tòsì. Pápákọ̀ náà, tí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ rẹ̀ gùn ju kìlómítà mẹ́ta lọ, kì í kún bíi ti Èkó. Àmọ́ ìgbà Hájì máa ń yí i padà, nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń gbé àwọn arìnrìn-àjò Kwara lọ sí Jeddah. Ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ tí ìjọba Kwara dá sílẹ̀ níbẹ̀, International Aviation College, tún mú ọ̀rọ̀ pọ̀ sí i. Ọkọ̀ Diamond kéékèèké ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń balẹ̀, á tún gbéra, á tún balẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fẹnu sọ fún táwà.

Ohun tí wọ́n ń sọ kúrú, ó sì máa ń rí bákan náà. Awakọ̀ á pe táwà, á dárúkọ ara rẹ̀, á sọ ibi tó wà, bó ṣe ga tó àti ohun tó fẹ́. Táwà á sọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, á sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí (nígbà ọyẹ́, èyí ni gbogbo ènìyàn ń dúró gbọ́), á wá fún un láṣẹ. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún àṣẹ náà kà padà. Ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ń fi 5N bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Kí òmìnira tó dé, VR-N ni.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi kọ apá kan nínú ìlànà yìí. Ní 27 oṣù kẹta 1977, Boeing 747 méjì, ti KLM àti ti Pan Am, kọlu ara wọn nínú kùrukùru ní pápákọ̀ kan ní erékùṣù Tenerife, ènìyàn 583 sì kú. Táwà ń sọ fún awakọ̀ KLM pé kó ní sùúrù. Lásìkò kan náà gan-an ni awakọ̀ Pan Am ń sọ pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjèèjì kọlu ara wọn, ariwo híhan ló kún inú ọkọ̀ KLM, ó sì sáré lọ. Láti ìgbà náà, adarí ọkọ̀ kì í pe gbólóhùn tó dúró fún gbígbéra àfi bó bá ń fún awakọ̀ láṣẹ rẹ̀ tàbí tó ń gba àṣẹ náà padà. Ara ìdí nìyí tí ìgbì ọkọ̀ òfuurufú kò fi yí sí FM títí di òní: lórí FM, ohùn tó lágbára á gbé èyí tó rọlẹ̀ mì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹlòmíràn sọ̀rọ̀; lórí ọ̀nà ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń lò níbẹ̀, ó kéré tán, ariwo híhan yẹn á jẹ́rìí.

Ní Áfíríkà, àwọn awakọ̀ fúnra wọn ni ọ̀gá nínú gbígbọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ibi ló wà tí wọ́n ti ń pe adarí ilẹ̀ tí kò sí ìdáhùn, wọ́n ya ìgbì 126.9 MHz sọ́tọ̀. Orí rẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń kéde ibi tó wà àti bó ṣe ga tó fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí, kí ọkọ̀ méjì má baà pàdé lókùnkùn. Nàìjíríà pàápàá gbára lé irú ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ́ẹ̀ pẹ́: adarí ń fọkàn ro ibi tí ọkọ̀ wà láti inú aago àti ohun tí awakọ̀ sọ. Ní 2010 ni wọ́n ṣí ẹ̀rọ rédà tó bo gbogbo ojú ọ̀run orílẹ̀-èdè, lábẹ́ NAMA, àjọ tó ń bójú tó o.

Òfin orílẹ̀-èdè kò dọ́gba lórí gbígbọ́ ọ̀rọ̀ awakọ̀. Amẹ́ríkà gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbọ́. Ní Bìrìtìkó, òfin 2006 sọ pé kò tọ́ kéèyàn gbọ́ ìsọfúnni tí kò kàn án, síbẹ̀ àwọn tó ń dúró lẹ́bàá pápákọ̀ pẹ̀lú rédíò ọwọ́ kò níye. Nàìjíríà jogún òfin rédíò Gẹ̀ẹ́sì, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ NCC ló sì ń fúnni níwèé àṣẹ báyìí. Kódà ìwé òfin 1999 fi gbígba owó láísẹ́ǹsì rédíò sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ní 2012, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà rí i pé ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ kan tí wọ́n fi ń wo tẹlifíṣàn lórí kọ̀ǹpútà lè gba ọ̀pọ̀ ìgbì, ìgbì ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú, fàájì náà sì di ohun tí tálákà lè ṣe. Ìkànnì LiveATC ń gbé ohùn táwà gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Flightradar24, tó bẹ̀rẹ̀ ní Sweden ní 2006, ń fi àwòrán ọkọ̀ hàn láti inú ìsọfúnni tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń rán jáde lórí 1090 MHz. Orí ẹ̀rọ àwọn olùfẹ́ rẹ̀ tó wà káàkiri ayé ni méjèèjì dúró lé. Ará Ìpàta tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi NCC ní ohun tí òfin gbà, kí ó ra ẹ̀rọ tó ń gbọ́ nìkan, kí ó má sì fọwọ́ kan èyí tó lè sọ̀rọ̀ padà, nítorí ẹyọ ohùn kan tó bá ṣèèṣì bọ́ sórí ìgbì yẹn lè bo àṣẹ tí awakọ̀ ń dúró dè.