Láti Orí Ọmọ dé Orí Owó Ìfẹ̀yìntì: Ìgbà Ogbó Òṣìṣẹ́ ní Ìgbẹ́mọ-Èkìtì

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kí ìjọba tó dá owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀, òwe yìí ni òfin ìgbà ogbó nílẹ̀ wa. Àgbẹ̀ Ìgbẹ́mọ tí apá rẹ̀ kò ká oko ìrẹsì mọ́ kì í kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni í ro oko fún un. Bí iṣẹ́ bá ju agbára ẹbí lọ, àárò àti ọ̀wẹ̀ wà. Ní ti owó, èésú wà, èyí tí Samuel Johnson mẹ́nu kàn nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé mú dání nípa èésú ni pé ohun tí èèyàn dá ni yóò kó.

Owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba Òyìnbó gbé kalẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin 1951, tí agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1946, kò dá àpótí kankan sílẹ̀. Inú owó ìnáwó ọdọọdún ni ìjọba ti ń san án. Ojú àánú ni òfin náà sì fi wò ó, kì í ṣe ojú ẹ̀tọ́. Olùkọ́ tí ìjọ gbà síṣẹ́ kì í tilẹ̀ ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé ìjọ ni ó pọ̀ jù ní Èkìtì nígbà náà. Ẹgbẹ́ Olùkọ́ (NUT), tí a dá sílẹ̀ ní 1931, tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, jà gidigidi lórí ọ̀ràn ipò iṣẹ́ yìí.

Òfin 102 ti 1979 ni ó kó àwọn ìlànà òṣìṣẹ́ ìjọba jọ lẹ́yìn ìgbìmọ̀ Udoji. Láti 1992, ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ọdún 10 ní ẹ̀tọ́ sí owó oṣooṣù. Ẹni tí ó bá pé ọdún 35 yóò gba gírátúítì ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún rẹ̀ ìkẹyìn, àti ìdá 80 nínú 100 owó ọdún náà lọ́dọọdún. Bí owó ọdún olùkọ́ bá jẹ́ ₦600,000, gírátúítì rẹ̀ di ₦1,800,000, owó oṣù rẹ̀ sì di ₦40,000. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, ní abala 210, sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ fún òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀.

Ẹ̀tọ́ wà lóòótọ́, àpótí ni kò sí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ẹni tí ó fi ẹ̀yìn ti nǹkan gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò gbà á dúró. A ti rí àgbà olùkọ́ tí ó ń ti Ìgbẹ́mọ wọ mọ́tò lọ fún àyẹ̀wò ìwé léraléra, nítorí pé ọjọ́ ìbí inú ìwé kan yàtọ̀ sí ti èkejì.

Òfin ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 2004 dá wa padà sí ìlànà èésú. Òṣìṣẹ́ ń dá, agbanisíṣẹ́ ń dá, orúkọ òṣìṣẹ́ ni àkáǹtì sì ń jẹ́. Ìdá 7.5 nínú 100 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá nígbà náà. Òfin 2014 sọ ti agbanisíṣẹ́ di 10, ti òṣìṣẹ́ di 8. Ilé-iṣẹ́ tí ń darí owó náà kọ́ ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni í ṣe òfin tirẹ̀, nítorí náà kí olùkọ́ béèrè ìlànà tí òun wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń yọ owó lára owó oṣù rẹ̀, kí ó béèrè bóyá ó ń dé inú àkáǹtì. Ohun tí a bá dá tí kò dé ọwọ́ olórí èésú, kò sí kíkó fún un.

Apá kan wà tí àwọn olùkọ́ kì í sábà bi wá. Òfin 2014 náà ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lápapọ̀, iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún. Ẹni tí ó kú sẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò gbà á. A mọ olùkọ́ kan tí ó ti gbéyàwó láti ogún ọdún, orúkọ ìyá rẹ̀ tí ó ti di olóògbé ni ó ṣì wà nínú ìwé náà.