Ọdún tí àwọn dókítà àdúgbò kọ̀wé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ní Ìlú Ọba

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan nínú wa ń bínú pé òun jókòó sí ilé ìwòsàn láti àárọ̀, nígbà tó wá kàn òun, dókítà ò gbójú sókè wo òun tó fi kọ oògùn. Púpọ̀ nínú wa ní dókítà ò láàánú mọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn kan láti Ìlú Ọba ná.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò ìwòsàn ọ̀fẹ́. Dókítà àdúgbò, ìyẹn ẹni téèyàn máa kọ́kọ́ lọ rí kí ọ̀rọ̀ tó di ti ilé ìwòsàn ńlá, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba o. Ọ̀gá ara ẹ̀ ni, bí àwa tá a ní ṣọ́ọ̀bù. Iye orí tó wà nínú ìwé ẹ̀ ni ìjọba fi ń sanwó fún un. Dókítà kan lè ní tó 3,500 èèyàn lọ́rùn. Tọ̀sán tòru, tí wọ́n bá pè é, ó gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ibi tó ti bàjẹ́ rèé. Ìjọba máa ń ṣírò ìnáwó gbogbo dókítà pọ̀, wọ́n á wá pín in kárí. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó tún ilé ṣe, tó gba nọ́ọ̀sì, àpò ara ẹ̀ ló ń gbẹ. Ẹni tó ń gba aláìsàn nínú yàrá kótópó, tí kò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́, òun ló ń jèrè. Ìyàwó dókítà ló ń gbé fóònù, òun náà ló ń ṣílẹ̀kùn, kò sì sówó oṣù fún un. Àwọn ìyàwó wa tó ń bá wa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní 1950, dókítà ará Ọsirélíà kan, Joseph Collings, lọ wo ibi iṣẹ́ wọn káàkiri, ó sì kọ ọ́ síta pé nǹkan ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ dókítà ṣí lọ sí Kánádà àti Ọsirélíà. Àwọn tó wá láti Íńdíà àti Pakistan ló wá ń di àlàfo wọn. Ọ̀rọ̀ “mo ń lọ” yìí ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tó di 1965, owó tí wọ́n fi lọ̀ wọ́n ò tó nǹkan. Bí 18,000 dókítà bá kọ̀wé ìfiṣẹ́sílẹ̀, wọn ò kọ ọjọ́ sí i, wọ́n kó o fún ẹgbẹ́ wọn kó dì í mú. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá ní ó yá, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Mínísítà ìlera ìgbà náà, Kenneth Robinson, ọmọ dókítà àdúgbò lòun fúnra ẹ̀. Ó jókòó tì wọ́n, wọ́n sọ ọ́.

Àdéhùn tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Ìjọba gbà láti máa san owó ilé, wọ́n tún ń san ìdá 70 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ dókítà. Owó iṣẹ́ òru wà lọ́tọ̀. Wọ́n ṣètò owó yíyá fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé iṣẹ́. Àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ síbi kan, kí ẹnìkan lè sùn nígbà tí èkejì bá jí. Aláìsàn náà wá rí nọ́ọ̀sì, ó rí ibi tó dáa jókòó sí.

Kì í ṣe pé ìjà tán o. Ní 1990, wọ́n tún bá ìjọba fà á. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé owó nìkan kọ́ ló ń dùn wọ́n. Ìlànà yẹn ń fìyà jẹ ẹni tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa. Ibi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹni rere á sá lọ, èyí tó bá kù á dákẹ́, kò sì ní gbójú sókè wò yín.

Ẹ padà wo ọmọ iṣẹ́ yín lọ́la. Èyí tó ń tètè dé, tó ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà, kí ló ń jèrè ju ọ̀lẹ lọ? Tí kò bá sí, ẹ má bínú tó bá lọ.

Ọjà á tà o. Ire.