Ọ̀wọ́ Ẹyẹ, Agbo Adìyẹ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi mí pé kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹyẹ tí ó bá kó jọ, tí Yorùbá kò sì ní in. Wọ́n rò pé èdè wa kò tó.

Ní ọdún 1486, a tẹ ìwé kan lórí ọdẹ ṣíṣe ní St Albans, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí ti tàn kálẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń pe ọ̀wọ́ kannakánná ní "ìpànìyàn". Ìwé náà fún àwọn adájọ́ pàápàá ní orúkọ tiwọn. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní tiwa, agbo àti ọ̀wọ́ tó fún orúkọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń sọ ìyókù. Ní oko Ìbàràpá, láti Èrúwà dé Ìgbó-Ọrà, lékeléke a máa wọ́ tẹ̀lé màlúù, ẹ̀gà a sì máa ya bo àgbàdo. Ẹyẹ kan ṣoṣo kì í wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ya.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe kọ "ìpànìyàn kannakánná" nínú àròkọ. Ọ̀wọ́ kannakánná ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì wá ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a mu.